Iṣẹ́ Tí A Rán Bọ́tìnnì

Oríṣi bọ́tìnnì méjì ni ó wà lára kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká. Oríṣi kìíní ni èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Oríṣi kejì ni àwọn bọ́tìnnì àkànṣe. Àwọn wọ̀nyí kì í kọ ohunkóhun sójú ìwé. Àṣẹ ni wọ́n ń pa. Ọ̀kan a máa gbé ohùn sókè, èkejì a máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan a máa fi kún ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, èkejì a máa dín in kù. Ọ̀kan a máa pa máìkì, òmíràn a máa pa íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn. Lórí ìlà òkè, níbi tí F1 títí dé F12 wà, ni a sábà máa ń rí wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú àwòrán kékeré tí ó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kan tí a kọ Fn sí lára sì wà ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, tí a máa ń tẹ̀ mọ́ wọn.

Bí bọ́tìnnì ìkọ̀wé bá kọṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni a ó mọ̀, nítorí pé lẹ́tà tí a tẹ̀ kò ní hàn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àkànṣe lè kọṣẹ́ kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ má fura. Ẹ jẹ́ kí a wo ti máìkì. Ká ní ẹnì kan ń bá àwọn ènìyàn ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí ń pa máìkì. Ó gbà pé ilẹ̀kùn ti tì. Bí iṣẹ́ tí ó rán bọ́tìnnì náà kò bá dé ibi tí ó ń lọ, gbogbo ìpàdé ni yóò gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tí kò dáhùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ọ̀nà tí iṣẹ́ bọ́tìnnì ń gbà lórí kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, a ó sì wo bí a ṣe lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà gbé sọnù.

Ìdí tí bọ́tìnnì àkànṣe fi ń dá wàhálà sílẹ̀

Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Unix. Ètò ìdarí ni ọ̀gá gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà náà, gbé Linux jáde, ó sì ṣe é ní àwòrán Unix. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi kún un. Ubuntu, Debian àti Fedora wà lára àwọn ọmọ tí Linux bí. Ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì wúlò púpọ̀ fún kọ̀ǹpútà àlòkù tí agbára rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn.

Àwọn lẹ́tà kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ lórí Linux, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù ti fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa rán jáde. Ti bọ́tìnnì àkànṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lè yan nọ́ńbà kan fún ìmọ́lẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ kejì yan òmíràn. Àní kọ̀ǹpútà méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe lè yàtọ̀ síra. Windows ni a sábà máa ń fi sínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká kí a tó tà wọ́n, òun sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ́kọ́ fi àṣà bọ́tìnnì wọn hàn. Àwọn tí ń ṣe Linux ní láti wádìí àṣà náà fúnra wọn, lórí kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tí ìwádìí wọn kò bá tíì dé, ibẹ̀ ni bọ́tìnnì ti máa ń dákẹ́.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà

Ní ayé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa a máa pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni náà ń fà sí òun, nítorí pé ẹ̀fà ni owó náà, ọ̀rọ̀ fífà sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ jíjọ ni ó wà níbẹ̀. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Iye rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ìtumọ̀ iye náà nìkan ni ó lè gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bọ́tìnnì rí. Bọ́tìnnì tí ń rẹ ohùn sílẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ohùn. Nọ́ńbà ni ó ń rán jáde. Nọ́ńbà náà yóò gba ọwọ́ ìránṣẹ́ mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí.

Ìránṣẹ́ kìíní ni ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń mọ̀ pé ìka ti tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ Fn sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, Fn kì í rán nọ́ńbà tirẹ̀ jáde rárá. Ńṣe ni ẹ̀rọ kékeré yìí yóò yí nọ́ńbà bọ́tìnnì kejì padà nígbà tí a bá tẹ Fn mọ́ ọn.

Ìránṣẹ́ kejì ni kernel, tí í ṣe ọkàn Linux. Kernel yóò gba nọ́ńbà tí ó ti inú ẹ̀rọ wá, yóò sì fi nọ́ńbà mìíràn tí gbogbo Linux mọ̀ dípò rẹ̀. Lọ́dọ̀ kernel, 113 ni pípa ohùn, 114 ni rírẹ ohùn sílẹ̀, 115 sì ni gbígbé e sókè, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà.

Ìránṣẹ́ kẹta ni ètò tí ń bójú tó gbogbo ohun tí ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú irú ètò yìí. Èkíní ni X, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984, tí ẹ̀dà rẹ̀ kọkànlá, X11, sì jáde ní ọdún 1987. Èkejì ni Wayland, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ kẹta ni láti sọ nọ́ńbà di orúkọ. X a máa fi 8 kún nọ́ńbà kernel kí ó tó lò ó. Nítorí náà, 114 yóò di 122, orúkọ tí X yóò sì fún un ni XF86AudioLowerVolume.

Níbi ìsọlórúkọ yìí ni nọ́ńbà kan náà ti lè ní orúkọ méjì. Bọ́tìnnì tí kernel ń pè ní 16 ni Q lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n A ni lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé tí àwọn ará ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lò. Bí ẹnì kan bá ra kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, tí ó tẹ A, tí Q sì hàn, bọ́tìnnì rẹ̀ kò bàjẹ́; èdè tí ó yàn fún kíbọ́ọ̀dù náà ni kò bá a mu. Ètò kan wà nínú Linux fún ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, ti Yorùbá sì wà lábẹ́ rẹ̀, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ẹ, ọ àti ṣ bí ó ti yẹ.

Ìránṣẹ́ kẹrin ni ètò tí ń tọ́jú ibi iṣẹ́ wa lójú kọ̀ǹpútà, irú bí GNOME, KDE tàbí Xfce. Bí ó bá ti gbọ́ orúkọ tí ìránṣẹ́ kẹta pè, òun ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹni tí ó ni ín: ohùn, ìmọ́lẹ̀ tàbí máìkì. Àwọn ètò kan tí ó fúyẹ́ jù wọ̀nyí lọ wà, tí wọn kì í ka orúkọ bẹ́ẹ̀ sí, àfi bí oníkọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé, "Bí o bá gbọ́ báyìí, báyìí ni kí o ṣe."

Bí a ṣe ń wádìí

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ìránṣẹ́ mẹ́rin àti ẹni kan tí a ránṣẹ́ sí ni ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ̀bi lè wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú àwọn márààrún, síbẹ̀ bọ́tìnnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, nítorí pé òun ni ojú wọn tó.

Ká ní ìyá kan fi èrè ọjà rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà àlòkù fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà fi Linux sí i. Ohun gbogbo ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè kàwé lórí rẹ̀ ní ọ̀sán, bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ kò sì dáhùn. Aládùúgbò kan wò ó, ó ní, "Kíbọ́ọ̀dù yìí ti bàjẹ́. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀." Bí ó bá jẹ́ pé kernel ni kò mọ nọ́ńbà bọ́tìnnì náà, ìyá yóò san owó kíbọ́ọ̀dù tuntun, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì ṣókùnkùn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí ó tó náwó náà, ìbéèrè márùn-ún wà tí ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ béèrè.

Ìbéèrè kìíní jẹ mọ́ Fn. Kí ó tẹ bọ́tìnnì náà ní òun nìkan, kí ó sì tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Fn. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, a máa ń tẹ Fn, kí ìlà òkè tó di ti ìmọ́lẹ̀ àti ohùn. Lórí àwọn mìíràn, òdìkejì rẹ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá tẹ Fn àti Esc papọ̀, ìlànà náà yóò yí padà. Ẹni tí ó ṣèèṣì tẹ méjèèjì pọ̀ lè rò pé gbogbo bọ́tìnnì àkànṣe òun ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìyípadà yìí tún lè wà nínú ètò BIOS, èyí tí a máa ń ṣí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kí Linux tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni kí a lọ bi ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Kí ọmọ náà fi ìka lórí pátákó ìfọwọ́tọ́ ṣí ibi tí a ti ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì gbìyànjú láti fi kún un. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí i, a mọ̀ pé ara ìmọ́lẹ̀ le. Ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ ti sọnù. Bí kò bá pọ̀ sí i, bọ́tìnnì kò jẹ̀bi. Kí ó wá wo inú àpò fáìlì tí a ń pè ní /sys/class/backlight. Ibẹ̀ ni kernel ń kọ gbogbo ohun tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí, lábẹ́ orúkọ bí intel_backlight tàbí acpi_video0. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, kernel kò tíì rí ohun tí yóò fi darí ìmọ́lẹ̀, bọ́tìnnì ẹgbẹ̀rún kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn, àṣẹ rfkill list ni a fi ń béèrè. Bí ìdáhùn bá ní Soft blocked: yes, ètò kan ni ó tì í, àṣẹ rfkill unblock all sì lè ṣí i. Bí ó bá ní Hard blocked: yes, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó tì í. Àṣẹ yìí kò lè ṣí irú èyí. Kí a wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà bóyá ohun ìṣíkà kékeré kan wà níbẹ̀, tàbí kí a wo inú BIOS.

Ìbéèrè kẹta ni ti kernel. Àṣẹ rẹ̀ ni sudo evtest. Evtest yóò to orúkọ gbogbo ohun tí ń gba títẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, yóò sì ní kí a yan ọ̀kan. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọn yóò yan kíbọ́ọ̀dù, wọn yóò tẹ bọ́tìnnì, wọn kò ní rí nǹkan kan, wọn yóò sì gbà pé bọ́tìnnì ti kú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àkànṣe kì í fi gbogbo ìgbà gba ẹnu ọ̀nà kíbọ́ọ̀dù. Lára kọ̀ǹpútà ThinkPad, àwọn kan nínú wọn ń gba ọ̀dọ̀ ThinkPad Extra Buttons. Lára ti Asus, wọ́n lè gba ọ̀dọ̀ Asus WMI hotkeys. Ti ìmọ́lẹ̀ sì lè gba ọ̀dọ̀ Video Bus. Nítorí náà, kí a bi gbogbo wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà bá jáde, tí 1 hàn nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì, tí 0 sì hàn nígbà tí a gbé ìka kúrò, ìránṣẹ́ kìíní àti ìkejì ti ṣe iṣẹ́ wọn. Bí kò bá sí ohun tí ó jáde, kí a tẹ àṣẹ sudo dmesg láti ka ìwé ìrántí kernel. Kernel lè ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé a tẹ bọ́tìnnì kan tí òun kò mọ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà tí ó ti inú ẹ̀rọ wá. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́, nítorí pé bọ́tìnnì ti sọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ó kù.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Evtest ń fi gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ hàn, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà wa. Ìdí nìyí tí ó fi ń béèrè àṣẹ oníkọ̀ǹpútà. Nígbà tí a bá parí, kí a tẹ Ctrl àti C papọ̀ láti pa á, kí a má sì jẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ rí máa lò ó lórí kọ̀ǹpútà wa.

Ìbéèrè kẹrin ni ti ìránṣẹ́ kẹta. Bí X ni kọ̀ǹpútà wa ń lò, xev ni a ó fi béèrè. Bí ó bá jẹ́ Wayland, wev ni. Yóò fi nọ́ńbà àti orúkọ tí a fún bọ́tìnnì hàn. Ṣùgbọ́n bí xev bá dákẹ́, kí a má tètè dájọ́. Ìránṣẹ́ kẹrin lè ti gba iṣẹ́ náà mọ́ xev lọ́wọ́ kí ó tó rí i. Bí ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà nígbà tí xev dákẹ́, kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Ìbéèrè karùn-ún ni ti ìránṣẹ́ kẹrin. Kí a ṣí ibi ìṣètò kíbọ́ọ̀dù nínú GNOME, KDE tàbí Xfce, kí a wò ó bóyá orúkọ bọ́tìnnì náà ní iṣẹ́ tí a yàn fún un, tàbí bóyá ẹnì kan ti fi iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀ràn bọ́tìnnì máìkì

Ọ̀ràn kan wà tí ó fi hàn gbangba pé bọ́tìnnì, kernel àti ibi iṣẹ́ lè pé láìsí àbùkù, kí iṣẹ́ má sì dé. Ọ̀ràn bọ́tìnnì tí ń pa máìkì ni.

Nígbà tí àwọn tí ó dá X11 sílẹ̀ ń ṣe òfin rẹ̀, àyè díẹ̀ ni wọ́n fún nọ́ńbà bọ́tìnnì: kò gbọdọ̀ dín ní 8, kò sì gbọdọ̀ ju 255 lọ. Nígbà náà, ta ni yóò rò ó pé bọ́tìnnì yóò pọ̀ ju èyí lọ? Nítorí pé X ń fi 8 kún nọ́ńbà kernel, nọ́ńbà kernel tí ó ga jù tí ó lè gba ẹnubodè náà kọjá ni 247, nítorí pé 247 àti 8 jẹ́ 255. Bọ́tìnnì tí ń pa gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn ni ó jókòó sórí 247. Nígbà tí a wá fún bọ́tìnnì máìkì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kernel, 248 ni ó bọ́ sí. Bí a bá fi 8 kún 248, ó di 256. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó fi kọjá odi.

Ẹ wo irú ìyà tí èyí lè fi jẹ ẹni tí kò bá wádìí. Ó tẹ bọ́tìnnì, evtest rí 248, ohun gbogbo sì dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n X kò gbọ́ ohunkóhun, ìránṣẹ́ kẹrin kò sì gbọ́ orúkọ kankan, máìkì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ó pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bákan náà ni yóò rí.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i rọrùn. Ìpín kan wà nínú Linux tí a ń pè ní udev, èyí tí ń bójú tó àwọn ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní ìwé kan tí a kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà bọ́tìnnì oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà sí. Nínú ìwé náà, wọ́n ní kí bọ́tìnnì máìkì máa jẹ́ F20. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í ní F20. F12 ni ó sábà máa ń parí sí, nítorí náà orúkọ náà wà nílẹ̀ láìlólówó. Nọ́ńbà F20 nínú kernel ni 190. Bí a bá fi 8 kún un, ó di 198, ó sì gba ẹnubodè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ó dé òdìkejì, X fún 198 ní orúkọ tí ó tọ́ sí i, XF86AudioMicMute, iṣẹ́ sì dé ọ̀dọ̀ máìkì. Ìránṣẹ́ náà wọ aṣọ àyálò kọjá ẹnubodè ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán an kò yí padà. Wayland kò ní odi 255 yìí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì máìkì lọ́jọ́ kan, tí evtest sì pè é ní F20, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ibi tí iṣẹ́ bá ti sọnù ni kí a ti tún un ṣe, kì í ṣe ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ Fn, kí a yí ìlànà Fn padà. Bí ó bá jẹ́ ìránṣẹ́ kẹrin, kí a fún orúkọ bọ́tìnnì náà ní iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kernel kò mọ nọ́ńbà náà, kí a kọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Fáìlì kékeré kan ni a ó kọ sínú /etc/udev/hwdb.d. Ìlà kìíní yóò sọ irú kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìlà kejì, tí a ó fi àlàfo kan ṣíwájú rẹ̀, yóò sọ nọ́ńbà tí dmesg fi hàn àti orúkọ tí a fún un. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ab, tí bọ́tìnnì sì jẹ́ ti máìkì, a ó kọ KEYBOARD_KEY_ab=f20. Lẹ́yìn náà, sudo systemd-hwdb update yóò mú kí Linux ka ìwé náà, sudo udevadm trigger yóò sì mú kí ó lò ó.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó kù. Èkíní, ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó yí ohun mẹ́ta padà papọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn, kò sì ní mọ èyí tí ó dá òmíràn sílẹ̀. Èkejì, kí a kọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta, kí a má gba ẹ̀rí bọ́tìnnì nìkan. Iná kékeré orí bọ́tìnnì máìkì lè tàn nígbà tí máìkì ṣì ń gbọ́. Kí a ṣí ibi ìṣètò ohùn, kí a sọ̀rọ̀, kí a sì wo ìlà tí ń fi bí máìkì ṣe ń gbọ́ hàn. Bí ìlà náà bá ń mì, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti kọ̀ǹpútà. Nínú ilé, nínú ẹgbẹ́, àti nínú ìlú, iṣẹ́ tí a rán kì í fi gbogbo ìgbà dé. Ẹni tí ó bá sún mọ́ wa jù ni a sì máa ń kọ́kọ́ bá wí. Ẹni tí ó gbọ́n a máa tọ ipa ọ̀nà náà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, a sì máa bi olúkúlùkù pé, "Kí ni a fún ọ? Kí ni o fi lé ẹni tí ó tẹ̀lé ọ lọ́wọ́?" Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Bí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì bá sọnù, nọ́ńbà ni a ó fi wá a.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bọ́tìnnì ìkọ̀wé àti bọ́tìnnì àkànṣe?
2. Báwo ni bọ́tìnnì ṣe jọ àrokò? Fi owó ẹyọ mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ.
3. Dárúkọ ìránṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
4. Kí ni ìdí tí a fi ń bi ẹni tí a ránṣẹ́ sí léèrè kí a tó bi kernel?
5. Fi ìṣirò hàn ìdí tí 247 fi lè gba ẹnubodè X kọjá, tí 248 kò sì lè kọjá. Báwo ni F20 ṣe yanjú rẹ̀?
6. Ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé, "Xev dákẹ́, nítorí náà bọ́tìnnì mi ti bàjẹ́." Kí ni ìwọ yóò sọ fún un?
7. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà." Fi ohun kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tàbí nínú ọjà ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn.